Òwú Tí Wọ́n Fà Yọ Lẹ́yìn Eyín Mi

Mo kọ èyí fún ẹni tó ń tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń yára da omi lé e kí ará ilé tó rí i. Mo mọ̀ ọ́. Èmi náà da omi lé tèmi fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Bí okùn irin tíńrín bá wà lẹ́yìn eyín rẹ, èyí tí àwọn dókítà eyín máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó tán, kí ó má baà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. N kò ní bu oyin sí i fún ọ. Àwọn tó bu oyin sí i fún mi ló jẹ́ kí n pẹ́ nílé.

Ràfíátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ṣakété ni wá, ṣùgbọ́n Gbégamey ní Cotonou ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Orín ni ìyá mi ń tà lọ́jà Gbégamey: orín àtá, orín àyàn, egbò ìpẹ̀ta, ó ń dì wọ́n ní márùn-ún márùn-ún sórí àtẹ. Ìyá Alórín ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti hu eyín ni ó ti ń fún mi ní orín lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, kò dáwọ́ dúró. Bí Jímọ̀ bá ti dé, ìdì orín kan á dé, wọ́n á fi bébà ìwé ìròyìn wé e. Ó sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé eyín kì í ká nílé òun.

Eyín ilé wa le lóòótọ́, àmọ́ tèmi kò gún. Ti òkè yọ síta, ti ìsàlẹ̀ ń gun ara wọn bí àgùntàn tó ń du ẹnu ọ̀nà. Nílé ìwé, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo di Ọ̀kẹ́rẹ́ Aránṣọ, àwọn tó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ náà ló ń bẹ̀ mí pé kí n tètè bá wọn rán an. Mo fara dà á títí mo fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá dókítà eyín kan ní Cadjèhoun, ó fi irin di eyín mi fún ọdún méjì. Ọjọ́ tó tú u, mo dúró níwájú dígí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó wá lẹ okùn irin tíńrín mọ́ ẹ̀yìn eyín mẹ́fà tó wà níwájú nísàlẹ̀, ó ní òun ṣe é kí eyín náà má baà rántí ilé. Ó sọ nǹkan méjì fún mi. Ó ní kí n máa padà wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kí òun máa bá mi ha ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, nítorí ìdọ̀tí fẹ́ràn ibi tí okùn irin bá wà. Ó tún ní lálaalẹ́ kí n máa fi òwú ìfọyín kọjá lábẹ́ okùn irin náà. Ó fi àpótí òwú ọ̀hún hàn mí, ó ní ilé oògùn ni wọ́n ti ń tà á.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi aránṣọ! Ilé mi, àpò mi, irun orí mi, òwú ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò tún lọ ra òwú nílé oògùn? Mo sọ fún un pé òwú tí mo ní tó yí Cotonou po. Ó ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní mo ti gbọ́, mo dìde, mo lọ sílé, mo já òwú ìránṣọ gígùn kan lára róòlù, mo tì í sábẹ́ okùn irin náà. Ó ń há, ó ń já, mo ń fà á. Báyìí ni mo ń fọ eyín tí mo fi ọdún méjì tò.

Mo tún ní àṣà kan tí mo mọ̀ pé aránṣọ tó ń ka èyí ní. Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì, àmọ́ ẹnu la fi ń já òwú. Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú eyín ọ̀kẹ́rẹ́ mi, n kò lè ṣe é, torí pé ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í pàdé. Ìgbà tí wọ́n wá pàdé, wọ́n mú bí abẹ. Gbogbo òwú ni mo ń fi wọ́n já, mo sì ń yangàn. Láàárọ̀, mo ń fi orín ìyá mi run iwájú eyín títí tí yóò fi dán. Ẹ̀yìn ńkọ́? Mo máa ń ti orín náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, irun orín á há mọ́ okùn irin, mo máa fọ ẹnu dànù. Ẹni tó bá mi ń sọ̀rọ̀ kò rí ẹ̀yìn eyín mi. Èmi náà kò rí i.

Ní ti híha ìdọ̀tí, mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kejì bọ́ sí àsìkò Iléyá, aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà kẹta, n kò tilẹ̀ rántí mọ́.

Ó tó ọdún méjì kí àmì tó yọ. Òwú funfun ni mo ń tì sábẹ́ okùn irin lálẹ́, ó ń jáde ní pupa. Mo ní òwú ló ń gé mi. Ó sì ń gé mi lóòótọ́, àmọ́ èrìgì mi, ẹran tó di eyín mú, ti wú kí òwú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo òwú pupa kí n má baà rí ẹ̀jẹ̀ náà. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín náà kò dùn.

Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára búrẹ́dì tí mo bá gé jẹ. Ó ń yọ lára máńgòrò. Láàárọ̀, ìtọ́wò irin ló ń wà lẹ́nu mi. Nígbà tí mo bá fi ahọ́n tì wọ́n, eyín méjì àárín ń mì díẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kò mì.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó ní kí n ya ẹnu, ó wo iwájú, ó ní eyín mi ń dán, kí ló ń dùn mí? Ó ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni orín ń lé jáde, kí n máa run ún gidigidi. Ó fi orín tó le ju èyí tí mo ń lò lọ ránṣẹ́ ní Jímọ̀. Nígbà tí kò dá, ó fi iyọ̀ àti álúmù kún un. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi àgúnmu ránṣẹ́ láti Pobè. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní kí wọ́n fi ẹ̀mú fa okùn irin náà yọ nílé, kí gbogbo ènìyàn sinmi. Oníkálukú ló ní tirẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó wo ẹ̀yìn eyín mi. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń to orín lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ràfí," ó ní, "bí wọ́n bá rí ọmọ Ìyá Alórín lórí bẹ́ǹṣì àwọn eléyín ríro ní opitáàlì, ta ni yóò tún ra orín lọ́wọ́ mi?"

Orín yẹn ló rán mi níléèwé. Orín yẹn ló ra máṣínì àkọ́kọ́ mi. Mo padà sílé, mo sì fi ọdún kan gbáko kún ọdún tí mo ti fi ṣòfò.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kó má mu ún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Èmi àti Sìdíkátù la jọ kọ́ṣẹ́, àwa méjèèjì la sì jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i pé ó ń fi ìpara kan tó ń ta sánsán pa abẹ́ imú lójoojúmọ́. Ó ní òtútù ló mú òun. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bá ń wọn ọrùn wọn, mo ní ìgbéraga ni. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kétu, ń kọjú sí ògiri sùn. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan mo bi Sìdíkátù pé irú òtútù wo ló ń mú ènìyàn nínú ooru oṣù kẹta. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Ràfí, kì í ṣe òtútù. Ẹnu rẹ ni. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Àwọn oníbàárà ń bẹ̀ mí kí n máa bá ọ wọ̀n wọ́n."

Mo gbá a létí. Obìnrin tó fi oṣù mẹ́rin fara da òórùn mi, tó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òtítọ́ fún mi, ìgbájú ni mo fi kí i. Kò gbá mi padà. Ó kó máṣínì rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù kí oòrùn tó wọ̀, ó sì ti ń ránṣọ ní Fidjrossè láti ìgbà náà. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dá mi lóhùn, ó ń fún mi ní àga, àmọ́ kò padà wá. Ní ọjọ́ ìgbájú yẹn, mo bi ọkọ mi bóyá òun náà ń gbóòórùn. Ó ní òun rò pé mo mọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, n kò sọ fún ìyá mi. Mo dé ibẹ̀ ní ìdájí, mo bá èèyàn lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. A lọ ra ìwé, a tò. A lọ sanwó, a tún tò. Wọ́n ní kí a lọ ra ìbọ̀wọ́ tí dókítà yóò fi wò wá, a lọ, a padà wá, a bá ẹlòmíràn lórí ibi tí a jókòó sí. Ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú kan ojú ń sunkún láìpariwo, kò sẹ́ni tó yà sílẹ̀ fún un, èmi náà kò yà. Mo fi aṣọ orí bo ẹnu. Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó pè mí.

Dókítà obìnrin ni, èdè Fọ̀n ló bá mi sọ, mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n ya ẹnu. Ó wò ó, ó pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó ti dígí kékeré kan bọ̀ mí lẹ́nu, ó gbé òmíràn lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo ẹ̀yìn eyín mi fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Iwájú funfun, ẹ̀yìn dà bí ìdí ìkòkò. Ìdọ̀tí ti di òkúta mọ́ okùn irin náà, èrìgì ti sá sẹ́yìn kúrò lára eyín, ọyún ń yọ ní ibi tó bá ti tẹ̀ ẹ́.

Ó mú irin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan yọ lábẹ́ èrìgì. Ó ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun kékeré kan. Òwú ni. Búlúù, mo mọ̀ ọ́n, aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni. Aláwọ̀ ewé. Pupa, pupa pọ̀. Ọ̀kan ń dán bíi góòlù, ti búbú tí mo rán fún obìnrin Pobè kan ní Iléyá ọdún tó kọjá. Láàárín wọn ni àwọn fọ́nrán igi pẹ́pẹ̀pẹ́ wà, wọ́n ti jẹrà.

"Kí lo ń fi eyín rẹ ṣe?" ó bi mí.

Mo ní aránṣọ ni mí. Ó nawọ́ sí àwọn fọ́nrán igi náà. Mo ní orín ìyá mi ni. Iṣẹ́ tó bọ́ mi lọ́mọdé àti iṣẹ́ tó ń bọ́ mi lágbà ló wà lórí aṣọ funfun yẹn, àwọn méjèèjì ló jọ ń jẹ mí lẹ́nu láìmọ̀.

Ó ní egungun tó di eyín mẹ́rin àárín mú ti jẹ wọlẹ̀ gan-an. Ó ní òun yóò yọ okùn irin náà, òun yóò ha abẹ́ èrìgì, kí n máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́ta, kí n má fi eyín já òwú mọ́ láé. Bí mo bá ṣe bí òun ṣe wí, ó ṣeé ṣe kí a rí méjì gbà nínú mẹ́rin, bóyá mẹ́ta. Ó ní òun kò ṣèlérí. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, eyín yẹn kò sì tíì kú. Mo di ìrètí yẹn mú.

Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú èrìgì dùn mí dé etí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dín kù, òórùn lọ, ọkọ mi yíjú padà. Eyín náà ń mì síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú sí i. Ká ní mo dúró lórí ọ̀nà yẹn ni, n kì bá máa kọ èyí.

Ìyá mi wá kí mi, ó rí i pé eyín tí wọ́n tú okùn irin lára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà síra. Ó ní ṣé mo rí ohun tí wọ́n fi mí ṣe? Ó yọ àgúnmu kan sílẹ̀, ìpẹ̀ta tí a gún pọ̀ mọ́ álúmù, ó ní kí n máa fi di ìdí rẹ̀ mọ́jú. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méje. Aṣọ ti ga dé fèrèsé, Sìdíkátù kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti bá mi pín in. Mo wo bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn tó ń jẹ ọjọ́ kan tán, mo wo àgúnmu tí kò ní kí n dìde lórí máṣínì. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Mo mú àgúnmu. Ó ń ta mí, ó sì ń mú kí èrìgì fún pọ̀, mo rò pé ó ń san. Mo fo ìgbà mẹ́ta tí ó yẹ kí n lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a pa ẹran. Léèsì funfun ni mo ń parí, ẹni tó ni ín jókòó níwájú mi, ó ń wo aago. Àlùmọ́gàjí bọ́ sábẹ́ tábìlì. N kò tẹ̀ba láti mú un. Mo gbé òwú sẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mélòó kan wá, mo fà á. Òwú kò já. Eyín ló tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sórí léèsì náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó yí, ó dúró.

Obìnrin náà wo aṣọ rẹ̀. Kò wo ẹnu mi. "Léèsì mi ńkọ́?" ó ní.

Dókítà kò bá mi jà nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ì bá sàn kí ó bá mi jà. Ó fa mẹ́ta tó kù yọ ní ọjọ́ kan, ó di gbogbo rẹ̀ sínú òwú funfun fún mi. Bí eyín ọmọdé bá ká, a máa ń ní kó jù ú sórí òrùlé, kó sì máa retí tuntun. Mo mú tèmi délé, mo wo òrùlé, mo jù ú sínú ààtàn.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Eyín oníke mẹ́rin ni mo ń kì bọ ẹnu láàárọ̀, mo ń yọ ọ́ sínú ife lálẹ́. Búrẹ́dì, mo ń bù ú kéékèèké. Àgbàdo sísun, mo ti dágbére fún un. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò mì, èrìgì mi kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, mo sì ń lọ fún híha ìdọ̀tí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn. Mo ń ra òwú ìfọyín nílé oògùn. Ìwọ tí tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbọ́: kì í ṣe okùn irin ni ọ̀tá. Mo mọ àwọn tí tiwọn ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n, torí pé wọ́n ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń lọ ha ìdọ̀tí rẹ̀. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, má pa àwọ̀ òwú dà. Wá dígí, wo ẹ̀yìn eyín rẹ, kí o sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, bó ṣe wù kó pẹ́ tó.

Nǹkan kan ló kù. Ní oṣù tó kọjá, mo gba ọjà kọjá, mo bá oníbàárà mẹ́ta nídìí àtẹ ìyá mi. Ó ń sọ ìtàn mi fún wọn. Ó ní àwọn oní-irin ló ba ẹnu ọmọ òun jẹ́, pé ìbá ṣe pé mo di orín mú, eyín mi ìbá wà níbẹ̀. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ra orín. Ó wá rí mi. Inú rẹ̀ dùn.

"Òun náà rèé. Ràfí, yọ ọ́, ya ẹnu kí wọ́n rí i."

Mo yọ eyín oníke náà níbẹ̀, láàárín ọjà, mo ya ẹnu. Wọ́n wò ó, ọ̀kan nínú wọn pariwo. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, mo sọ fún wọn pé irin kọ́. Mo ní òwú mi ni, àti ìwà ọ̀lẹ mi, àti irun orín tí mo ń tì sí ibi tí kò lè fọ̀, àti àgúnmu tí mo gbà dípò dókítà. N kò wí pé ta ló fún mi. Wọn ò nílò kí n wí i. Ẹni tó ti mú orín méjì dá a padà sórí àtẹ jẹ́jẹ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í to orín rẹ̀, márùn-ún márùn-ún, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo ki eyín mi bọ ẹnu padà, mo lọ.

Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Orín kò dé.